Ikọ́ Tí Mo Fi Rédíò Bò Mọ́lẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tójú mi rí nígbà Kòrónà. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ ikọ́, àyà mi á já!

Ẹ mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ arọ ni mò ń lò látìgbà tí ọ̀kadà gbé mi ṣubú ní Ìyànà Ìbà, tí mo fi ẹ̀yìn ṣèṣe. Ẹsẹ̀ mi làwọn èèyàn máa ń wò. Wọn ò mọ̀ pé ikùn mi náà ò lágbára mọ́, mi ò lè dá húkọ́ kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ méjèèjì ti ikùn mi sókè bí mo ṣe ń hú u. Ọkọ mi ló máa ń ṣe é. Ìyá Sódíìkì, aládùúgbò tí ògiri wa kan ara wọn, náà mọ̀ ọ́n ṣe.

Ni wọ́n bá kéde lockdown, pé kónílé ó gbélé. Ọkọ mi tó ń wa lọ́rì há sí Ṣàgámù. Lándílọ́ọ̀dù wa ní Ajangbadi sì kìlọ̀ pé ẹni tó bá húkọ́ nínú ilé àwọn, àwọn á pe ìjọba kí wọ́n wá gbé e.

Àfi bí ọ̀fìnkìn ṣe mú mi! Ọ̀fìnkìn lásán o. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé mi lọ, ta ló máa tọ́jú Tọ́pẹ́ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn?

Mo bá yí rédíò sókè. Bí ikọ́ bá tún ń bọ̀, màá tún yí i sókè sí i. Ìyá Sódíìkì lu ògiri, wọ́n ní ṣé gbogbo Ajangbadi ni mo fẹ́ gbọ́ ìròyìn fún ni. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọ̀hún ló kó bá mi! Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ dí mi lọ́fun. Mi ò lè mí, mi ò lè pariwo. Mo sáré pa rédíò, mo wá ń fi kọ́ọ̀pù gbá ògiri.

Ìyá Sódíìkì já wọlé, wọ́n ti fi ìborùn di imú. Lándílọ́ọ̀dù ń pariwo níta pé a fẹ́ kó àrùn ran gbogbo ilé.

"Bàbá, ẹ wọlé yín lọ tí ẹ̀rù bá ń bà yín! Ìyá Tọ́pẹ́, húkọ́! Húkọ́, jọ̀ọ́!"

Wọ́n tẹ ikùn mi, wọ́n tún un tẹ̀. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ já! Bí mo ṣe mí báyìí ni Ìyá Sódíìkì bú sẹ́kún.

"Ṣé èmi náà lo ń fi ikọ́ pa mọ́ fún?"

Mo di ọwọ́ wọn mú. Lándílọ́ọ̀dù ti fi fìlà bo imú lójú fèrèsé. Wọ́n ní tó bá tún di ọjọ́ mìíràn, kí n yáa jẹ́ kí rédíò dákẹ́ káwọn lè gbọ́ mi.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ara tó nílò ọwọ́ èèyàn kò ṣeé fi pa mọ́ fún èèyàn. Gbogbo ilé wa ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ mí níkùn báyìí, títí kan lándílọ́ọ̀dù, bí wọ́n tiẹ̀ ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ̀yìn ṣèṣe bíi tèmi, ta ló sún mọ́ yín nígbà táyé ń sá fún ikọ́? Ẹ sọ fún mi, mò ń kà á.