Ó Di Ọjọ́ Kọkànlélọ́gọ́rin, Kóòṣì Mikáìlù Ò Tíì Wọ Káà Ilẹ̀

Kóòṣì Mikáìlù kú láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kejì ọdún yìí, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, nínú yàrá méjì tó ń gbé ní Ọgbà. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni. Sàídátù ìyàwó rẹ̀ ní omi gbígbóná ló béèrè, nígbà tí òun sì fi máa gbé e dé, ó ti lọ. Ikú wọ́ọ́rọ́wọ́, irú èyí tí àgbàlagbà máa ń tọrọ. Lónìí tí mo jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí, ó pé ọjọ́ mọ́kànlélọ́gọ́rin gééré. Wọn ò tíì sin ọkùnrin náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Mùsùlùmí ni o. Ọjọ́ tó kú gan-an ló yẹ kí wọ́n ti sin ín, kí ìrun àsárì tó wọlé. Inú yìnyín ló wà títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, nínú mọ́ṣúárì kan níhà Ìkẹjà, wọ́n so nọ́ńbà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ bí ẹrù tí ẹnì kan gbàgbé sí pápákọ̀ òfuurufú. Ọ̀rọ̀ yìí ti rẹ̀ mí. Mo ti sọ ọ́ láwọn ọ́fíìsì, mo ti sọ ọ́ lórí fóònù, mo ti sọ ọ́ dé ibi tí akọ̀wé kan ti ń béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Bàbá, ṣé òkú yẹn náà ni?" Òkú yẹn náà ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó jẹ́. Ọmọ Denmark ni, òyìnbó pọ́nbélé. Preben Stidsen lorúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ìlú wọn, ìlú àwọn apẹja kan létí òkun, ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ló sì ń dúró sí. Ọdún méjìlá ló fi bọ́ọ̀lù jẹun. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n pè é sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè wọn. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, òjò ń pa á, ìdíje parí, wọn ò mú un wọlé. Tó bá ń sọ ìtàn yẹn fún wa, ẹ̀rín ló máa ń fi parí ẹ̀: "Àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú ni mo fi gbá bẹ́ǹṣì, mo sì gbá a dáadáa." Orúnkún rẹ̀ bàjẹ́ nígbà tó di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ kóòṣì, ó tọ́ ẹgbẹ́ kéékèèké méjì lọ́hùn-ún. Nígbà tó di ọdún 1985, iléeṣẹ́ ìhunṣọ kan ní Ìkẹjà ránṣẹ́ pè é pé kó wá tọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ọdún méjì ni wọ́n bá a dá. Ogójì ọdún ló lò.

Akọ̀wé ni mo jẹ́ níléeṣẹ́ náà nígbà yẹn, èmi sì ni aṣọ́lé kejì nínú ẹgbẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí mo ṣe mọ ilé ṣọ́ tó, kó má ṣèyọnu, ohun tó ṣe pàtàkì ni pé mo mọ bí ọkùnrin yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan nínú wa ń ṣiṣẹ́ àárọ̀, àwọn kan ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán, àwọn kan ń ṣiṣẹ́ òru. Ẹ̀rọ ìhunṣọ kì í sinmi, ọ̀gá ò sì ní torí bọ́ọ̀lù dá a dúró. Kò sí ọjọ́ kan táwa mọ́kànlá pé lójú kan rí, àfi ọjọ́ ìdíje. Kóòṣì mìíràn ì bá ti di ẹrù rẹ̀. Ohun tí èyí ṣe ni pé ó ṣa kẹ̀kẹ́ òwú tó ti tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, mọ́kànlá, ó kọ orúkọ wa sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn aláàárọ̀ bá jáde lọ́sàn-án, á tò wọ́n sórí tábìlì ilé oúnjẹ, á ní, "Teslim ò sí níbí, òru ló ń ṣe, àmọ́ ibí ló máa wà. Tó o bá gbá bọ́ọ̀lù síbí, o ò ní wẹ̀yìn." Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, á tún to ohun kan náà fún Teslim àti àwọn alóru. Bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ́ láti máa gbá bọ́ọ̀lù sí ẹni tí a ò rí. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, a gba ife àwọn iléeṣẹ́.

Iléeṣẹ́ kógbá sílé lọ́dún 1996. Gbogbo òyìnbó tó wà níbẹ̀ bá ọkọ̀ òfuurufú lọ, ó ku òyìnbó kan. Ó ti fẹ́ Sàídátù nígbà yẹn, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ, ó sì ti gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù láìsí ẹni tó tì í. Mikáìlù ni wọ́n sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí. Wọ́n kó kúrò nílé tí iléeṣẹ́ fún un, wọ́n gba yàrá méjì ní Ọgbà. Gbogbo ọmọ tó bá ti lè sáré láti Agége títí dé Onígbòǹgbò ló kọ́ ní bọ́ọ̀lù lórí pápá eléruku kan lẹ́yìn àwọn iléeṣẹ́ tó ti kú. Ọlọ́run ò fún òun àti Sàídátù lọ́mọ. Àwa la pe ara wa lọ́mọ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ìtìjú wa wà.

Ní gbogbo ọdún yẹn, ṣé àjọ tó ń rí sí bọ́ọ̀lù lágbègbè wa mọ̀ pé ó wà? Wọ́n mọ̀. Ìgbà mẹ́ta ló kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n bá òun dí àwọn kòtò orí pápá, kí ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ má baà ṣẹ́. Wọn ò fèsì lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ tó kú, wákàtí mẹ́ta ò tíì pé tí wọ́n fi dé. Ẹ rí i pé wọ́n mọ ọ̀nà ilé rẹ̀.

Teslim, ẹni tó ti jẹ́ balógun ẹgbẹ́ wa rí, tó ń jó irin ní Agége báyìí, ti ra aṣọ funfun. Àwọn àlùfáà ti gbé omi kaná láti wẹ òkú. Wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀. Ni ọkọ̀ mẹ́ta bá dúró lójú ọ̀nà, Alága Ọláfẹ́mi, olórí àjọ náà, sọ̀kalẹ̀ nínú agbádá.

"Ẹ dákun, ẹ dá a dúró ná," ni wọ́n wí. "Irú èèyàn báyìí kọ́ lẹ máa sáré bò mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn. Ìjọba ló máa sin ín. Ó lẹ́yẹ tó tọ́ sí i."

Sàídátù dáhùn láti inú yàrá. "Alága, ẹ ṣé o, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ṣùgbọ́n ó ti bá mi sọ ọ́. Ó ní ọjọ́ tóun bá kú náà ni kí wọ́n sin òun."

"Màmá, ọ̀sẹ̀ kan péré ni. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Obìnrin náà wá jáde síta, ó wo ojú àwa ọkùnrin tí ọkọ rẹ̀ tọ́. Èmi ni mo sọ̀rọ̀. Mo ní, "Màmá wa, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n ní a sin Kóòṣì bí ẹni tí ò lẹ́nì kankan ni?"

Ẹnu mi ló ti jáde. Mùsùlùmí ni èmi náà, mo mọ ohun tí ẹ̀sìn wí. Àwọn àlùfáà tó wà ńbẹ̀ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, àwọn náà sì da omi náà nù. Ohun tó pa wá ni pé wọ́n dárúkọ ẹ̀yẹ. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ pé ìjọba fẹ́ bá òun sin bàbá òun, etí rẹ̀ á di sí gbogbo ohun mìíràn. A rò ó pé ayé á mọ̀ pé Kóòṣì bímọ. Òkú ò mọ iye a ràgọ̀, àwọn baba wa ló wí i, a máa ń pa á lówe nígbà tó bá jẹ́ òkú ẹlòmíì ni.

Ọkọ̀ wọn ló gbé Kóòṣì lọ sí mọ́ṣúárì lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ kan náà di ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ ìsìnkú, Alága Ọláfẹ́mi fúnra wọn ni olórí rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà tẹ ìwé ìkéde ńlá kan, wọ́n lẹ̀ ẹ́ káàkiri: àwòrán Alága ló gba ọ̀kánkán, ojú Kóòṣì wà nísàlẹ̀ lápá òsì, ó kéré bíi ti sítáǹbù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n yí ọjọ́ padà. Wọ́n sún un lẹ́ẹ̀kan torí pé ọ̀gá kan tó fẹ́ wá sọ̀rọ̀ ò ráyè. Wọ́n tún un sún torí pé wọn ò tíì fẹnu kò lórí irú fìlà tí ìgbìmọ̀ máa dé. Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn ń retí ìwé láti Denmark. Teslim lo fóònù rẹ̀ wá àbúrò Kóòṣì obìnrin kàn lọ́hùn-ún, arúgbó ni òun náà. Ọjọ́ kejì ló fèsì: "Ẹ sin ín síbi tó yàn láti máa gbé. Ẹ bá mi di ìyàwó rẹ̀ mọ́ra." Teslim tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, ó gbé e lọ fún wọn. Wọ́n ní ìwé yẹn ò ní òǹtẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹtàdínlọ́gọ́ta, mo tẹ̀ lé Sàídátù lọ sí mọ́ṣúárì pé ká gbé òkú wa, kí kálukú máa lọ. Akọ̀wé ibẹ̀, ọmọbìnrin kan tí ò ṣàìní ìwà, ṣí ìwé ńlá rẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. Ẹ̀yin kọ́ ni olókùú nínú ìwé wa. Alága ìgbìmọ̀ ló fọwọ́ sí i pé àwọn lolókùú. Àwọn náà ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó jáde."

"Èmi ìyàwó ẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ máa lọ rí Alága, mà."

Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló fi bá ọkùnrin yìí gbé. Ó fi omi gbígbóná tẹ orúnkún rẹ̀ láràárọ̀. Ta wá ni olókùú? Ẹni tó fi agbádá wọ ilé náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀. A lọ sọ́dọ̀ Alága. Wọ́n ní wọ́n wà nípàdé. A tún lọ. Wọ́n ní wọ́n rìnrìn àjò. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó burú jù níbẹ̀. Sàídátù wà nínú opó. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ló yẹ kó fi jókòó sílé, kó máa ṣàdúà fún ọkọ rẹ̀. Ọ́fíìsì sí ọ́fíìsì ni ìgbìmọ̀ ẹ̀yẹ sọ ọ́ di. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ kí i ní Ọgbà. Aṣọ funfun tí Teslim rà lọ́jọ́ náà wà lórí okùn, ó ń gbẹ.

"Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí mo máa fọ̀ ọ́," ni ó wí. "Eruku àdúgbò yìí ò gbẹ̀bẹ̀. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ aṣọ tó ti dọ̀tí ni wọ́n máa wé mọ́ ọn."

Mo ní kó ní sùúrù. Ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni, mo mọ̀ bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi.

"Sùúrù ti tán, bàbá. Mo ń ṣe opó ẹni tí wọn ò sin. Bí mo bá jáde, ó dà bí ẹni ń dẹ́ṣẹ̀. Bí mo bá jókòó, ta ni á bá mi gbà á jáde?" Ó ká aṣọ náà lórí okùn. "Ṣé ẹ mọ̀ pé òtútù ló sá fún nílùú wọn? Ó ní ooru ibí yìí ló wo orúnkún òun sàn. Ẹ wá lọ tì í sínú yìnyín. Ẹ̀yin lẹ ní kí n dúró."

Mo dìde, mo lọ sílé, n ò sì lè jẹun.

Mo wá ń béèrè báyìí, tàárẹ̀tàárẹ̀. Òfin wo ló ní kí ìgbìmọ̀ gba òkú lọ́wọ́ opó, kí wọ́n sì kọ orúkọ ara wọn sí i bí ẹni ra mọ́tò? Àwọn wo ló jókòó nínú ìgbìmọ̀ náà? Ẹ dárúkọ wọn fún wa níkọ̀ọ̀kan, ká mọ ọmọ ẹni tí wọ́n jẹ́, ká mọ ìyá tí wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Àwọn aláṣẹ tó ń mójú tó mọ́ṣúárì ńkọ́, ṣé wọ́n máa ń ka orúkọ tí wọ́n ń gbà sínú ìwé? Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, mo sì fẹ́ kí wọ́n gé e lójú gbogbo ayé.

Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀ yìí, lẹ́yìn ìrun, a máa wà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣúárì náà, èmi, Teslim àti gbogbo ẹni tí Kóòṣì kọ́ ní bọ́ọ̀lù. Alága Ọláfẹ́mi, ẹ má gbé àsíá wá, ẹ má gbé fọ́tò wá, ẹ má kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére kankan. Ẹ kàn wá fọwọ́ sí ìwé, ká gbé ọkọ Sàídátù fún un. Tí a bá ti bo erùpẹ̀ lé e lórí tán, kí ìjọba gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kalẹ̀, kí wọ́n pè yín, kí ẹ wá rojọ́ ọjọ́ mọ́kànlélọ́gọ́rin. Kí wọ́n pe èmi náà. Èmi ni mo sọ fún obìnrin náà pé kó dúró, mo sì ti múra tán láti sọ ọ́ lójú gbogbo ayé.