Ọmọ Orí Òkè Tó Ra Ọkọ̀ Rọ́bà

Ọjọ́ tí olóògbé Bámiṣayé fi ọ̀bẹ gún ọkọ̀ ojú omi tí òun fúnra rẹ̀ fi owó ìfẹ̀yìntì rà ni òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri Lọ́kọ́ja. Ọ̀sán gangan ni, létí odò, níṣojú gbogbo ọjà. Martha ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀. Ká ní ilẹ̀ lanu lọ́jọ́ náà ni, ì bá wọ ibẹ̀ lọ, ì bá sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

Ọkọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Èkó ni. Ìdí rẹ̀ le koko, ó sì mú ṣóńṣó nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n rọ́bà ràgàjì tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí bíi táyà ló yí etí rẹ̀ ká. Nehemiah, olórí àwọn tó ń kan ọkọ̀ onígi, wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bámiṣayé, ọkọ̀ bọ́ọ̀lù lo rà wá fún wa yìí! Abẹ́rẹ́ kan péré, ó parí!"

"Abẹ́rẹ́ ti kéré jù," ni Bámiṣayé fèsì. Ó yíjú sí Nàbílà, obìnrin Núpé tó ń la inú ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. "Ìyá, ẹ yá mi lọ́bẹ yẹn."

Kí Martha tó pe "Jésù!" tán, ọ̀bẹ ti wọ rọ́bà. Fììììì! Àwọn èèyàn fọ́n ká. Bámiṣayé kò sá ní tiẹ̀. Ó wọ inú ọkọ̀ tó ń mí gúlegúle, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó sì kọjú sí òdìkejì odò. Ọkọ̀ náà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọkùnrin tí eyín ń dùn, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Ó lọ, ó bọ̀.

"Yàrá yàrá ni inú rọ́bà yìí," Bámiṣayé sọ fún Nehemiah bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. "Bí o bá gún ọ̀kan, ìyókù ṣì ń bẹ níbẹ̀. Tìrẹ ńkọ́?"

Nàbílà ló sọ̀rọ̀. "Bàbá, ọ̀bẹ mi dà?"

Bámiṣayé wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo inú ọkọ̀, ó wo odò. Ọkọ̀ kò rì. Ọ̀bẹ ló rì.

Nígbà tí wọ́n délé, Martha kò lè pa á mọ́ra. "Bàbá Fọlákẹ́, ta ló ń fọ̀bẹ gún ohun tó fowó ara rẹ̀ rà?"

"Ẹni tó mọ ohun tó rà ni," ni ọkọ rẹ̀ wí, ó sì jókòó sídìí ẹ̀bà rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ́gun ìlú.

Kì í ṣe ọmọ olódò rárá. Ọ̀wọ́rọ̀ ni, orí òkè Agbaja ni wọ́n ti bí i, láàárín àgbẹ̀ oníṣu. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Christopher, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ìjọba, ló so ó mọ́ omi. Lọ́dún tí odò kún wọ àdúgbò Adankolo ní Lọ́kọ́ja, ìjì dojú ọkọ̀ onígi tó ń kó wọn jáde dé. Wọ́n fa Bámiṣayé yọ. Christopher kò yọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, Bámiṣayé ní òun máa ra ọkọ̀ tó lè wo ìjì lójú, àwọn ẹbí sì rò pé ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀.

"Ọmọ orí òkè," wọ́n bi í, "kí ni tìrẹ nínú ọ̀rọ̀ omi?"

"Odò kì í béèrè ìlú ẹni kó tó gbéni lọ," ni ó fi dá wọn lóhùn.

Òun àti Martha ni wọ́n jọ lọ sí Èkó. Dámilọ́lá, ọmọbìnrin tó ń ta ọkọ̀ níbẹ̀, fi ọ̀kan tó ń dán hàn wọ́n: àga rẹ̀ rọ̀, ó ní rédíò, ó ní ibi tí wọ́n ń gbé ife sí.

"Ṣé rédíò ló máa fa èèyàn jáde nínú omi ni?" Bámiṣayé bi í. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ ìdí ọkọ̀ wò. "Èyí tẹ́ pẹrẹsẹ. Á máa gbá ìgbì létí, ìgbì á sì gbá a padà. Èyí tídìí rẹ̀ mú, tó lè la omi bí ọkọ́ ṣe ń la ebè, ni mo fẹ́."

Wọ́n rí irú ẹ̀ lẹ́yìn ilé ìtajà. Kò dán, kò ní rédíò. Bámiṣayé wọ ẹ̀wù òjò rẹ̀, ó jókòó sínú ọkọ̀ náà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó sì ní kí Martha àti gbogbo òṣìṣẹ́ di ọkọ̀ mú lọ́tùn-ún lósì. "Ẹ mì í! Ìjì ni yín! Ẹ mì í dáadáa!"

Oníbàárà kan wọlé, ó rí bàbá tó di etí ọkọ̀ mú, tó ń mì jìgìjìgì, tí òógùn bo gbogbo èèyàn. "Ẹ jọ̀ọ́," ó rọra bi Martha, "ṣé ìdáǹdè lẹ ń ṣe fún wọn ni?"

"Ó ti pẹ́ tó yẹ ká ti ṣe é," ni Martha dáhùn.

Níní ọkọ̀ yìí wá le ju yíyàn án lọ. Oòrùn ń ba rọ́bà jẹ́, Bámiṣayé bá kọ́ àtíbàbà fún un, páànù ibẹ̀ sì dára ju ti ilé ìdáná Martha lọ. Tí ọyẹ́ bá mú láàárọ̀, rọ́bà á dẹ̀. Tí ọ̀sán bá pọ́n, á le gan-an. Ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ó ń tú díẹ̀ jáde, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a bí ikùn ọmọ. "Ó ti yó," á ní.

"Ẹ ò bi èmi bóyá mo yó," Martha á ní láti inú ilé.

Ìgbà tí odò tún kún ni ẹ̀rín dín kù. Omi wọ ilé, ìjì sì ń jà lórí rẹ̀. Ọlọ́lá kan dé pẹ̀lú àwọn tó ń ya fídíò, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé òun yípo. Bámiṣayé na jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sí i. Kò gba orí agbádá rẹ̀.

"Ẹ bọ́ agbádá."

"Ṣé ẹ mọ ẹni tí mo jẹ́?"

"Èmi mọ̀ yín, sà. Omi ni kò mọ̀ yín." Ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹni tó máa bá a fa èèyàn wọnú ọkọ̀ ni Bámiṣayé nílò. Martha, tó ń bẹ̀rù omi ju ejò lọ, rí obìnrin kan tó ń ju gèlè lórí òrùlé lọ́ọ̀ọ́kán. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì. "Bàbá Fọlákẹ́, bí mo bá kú, n ò ní dárí jì yín."

"O lè kọ́kọ́ jókòó ná."

Ìgbì gbé wọn sókè, ó sọ wọ́n kalẹ̀. Ọkọ̀ náà la omi, kò yẹsẹ̀. Ìgbà tí wọ́n dé òrùlé náà, ta ni wọ́n bá níbẹ̀? Nehemiah àti ìyàwó rẹ̀.

"N ò wọ ọkọ̀ bọ́ọ̀lù," ni Nehemiah wí, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn.

"Ó dáa. Dúró de onígi."

Ìyàwó Nehemiah kò dá sí ìjà náà. Ó fò wọnú ọkọ̀, Martha sì gbá a mọ́ra. Nehemiah wo òrùlé tó ń yẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀."

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, Nehemiah fi àtàǹpàkò tẹ rọ́bà náà, ó mi orí. "Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ò tó," ó ní. Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Gbogbo ìlú ló gbà pé omi ló máa pa Bámiṣayé. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ló mú un lákòókò ọyẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó máa lọ, ó la ojú. "Martha, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Fọlákẹ́."

"Ara mi gbẹ?"

"Ó gbẹ."

"Ó dáa. Rí i pé Nehemiah gbọ́."

Agbaja ni wọ́n sin ín sí. Lẹ́yìn ìsìnkú, Rebecca, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ìyá arúgbó tí kò sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè fún ọ̀pọ̀ ọdún, bi Martha pé kí ni àbúrò òun ń wá lójú omi gan-an. Martha bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ó sọ ti Èkó, ó sọ ti agbádá, ó fi ohùn ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì ń na ọwọ́ bíi tiẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ìhà mú. Òun náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Ó mà dá ẹ lágara o, ìyàwó wa," ni Rebecca wí.

"Lójoojúmọ́." Martha wo ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí odò ti ń dán lókèèrè, tó dákẹ́ bí ohun tí kò ṣe ẹnikẹ́ni rí. "Kò sọ́jọ́ tí kò dá mi lágara, Ìyá. Ì bá tún wá dá mi lágara lọ́la."

Rebecca sún díẹ̀ lórí ẹní, Martha sì jókòó tì í.