Ilà Ojú Tí Lẹ́ńsì Mi Gbé Mì

Ẹ dárúkọ lẹ́ńsì kámẹ́rà àlòkù létí mi nínú trotro, ọkọ̀ èrò wa ní Accra, màá sọ̀rọ̀ títí màá fi kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀kalẹ̀. Àwọn tó mọ̀ mí ládùúgbò wa ní Kaneshie ti mọ̀, wọn kì í dá a sílẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nípa rẹ̀ tí n kì í sọ fún ẹnikẹ́ni. Òun ni mo fẹ́ sọ yìí, ojú sì ń tì mí kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Kantamanto, ọjà àlòkù ńlá ní Accra, ni mo ti rí lẹ́ńsì náà. Ọkùnrin kan tó ń ta bẹ́líìtì àti báàgì òkèèrè ló jù ú sáàárín ọjà rẹ̀, kò tiẹ̀ mọ ohun tó jẹ́. Ó wúwo bí ọmọ ọlọ. Irin gidi ni, wọ́n fín nọ́ńbà sí i lára. Kò ní mọ́tò, kò ní wáyà, kò mọ nǹkan kan fúnra rẹ̀. Ọwọ́ ẹni la fi ń yí i títí ohun tí à ń wò yóò fi mọ́ kedere. Mo wá òrùka irin tí wọ́n fi ń so irú rẹ̀ mọ́ kámẹ́rà ìgbàlódé, àwọn kámẹ́rà kékeré tí kò ní dígí nínú mọ́, tó jẹ́ pé nínú sikirínì ẹ̀yìn wọn lèèyàn ti ń wo ohun tó fẹ́ yà. Bí mo bá fi lẹ́ńsì tuntun sí kámẹ́rà mi, fúnra rẹ̀ ló máa wá ẹyinjú èèyàn rí. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè fi ya fọ́tò tó dára. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Kí wá ni iṣẹ́ tèmi níbẹ̀?

Àlòkù yìí ní àbùkù kan tó jọ ẹwà. Bí mo bá ṣí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ inú rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, gbogbo nǹkan á máa tàn yòò, awọ ara á máa jọ̀lọ̀, bíi pé èéfín funfun díẹ̀ gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ibi tó máa mọ́ kedere kì í sì í fẹ̀: bí imú bá mọ́, etí ti lọ. Mo fi ya fọ́tò mélòó kan, mo gbé wọn sórí ìkànnì, àwọn onífọ́tò ẹgbẹ́ mi ń pariwo pé iṣẹ́ ọwọ́ rèé. Orí mi wú. Mo yọ lẹ́ńsì tuntun mi, mo sọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀.

Màmá kan wà ní Kotobabi tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ìyá mi. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, òun ló ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Aránṣọ ni, ní Kantamanto kan náà ló ti ń tún aṣọ òkèèrè rán kí ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ìtòsí Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìdílé rẹ̀ ti wá. Nígbà tí ìjọba ayé ọjọ́un ní kí àwọn àjèjì kúrò ní Gánà, àwọn òbí rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo wọkọ̀ lọ sílé, òun dúró ti ọkọ rẹ̀, ọmọ Gánà, ní Accra. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Wọn ò gbúròó ara wọn mọ́, àwọn kan sì lọ sọ fún àbúrò yìí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú. Àfi ọdún tó kọjá tí ọlọ́jà kan tó máa ń ti Accra lọ sílé pàdé màmá, tó gbọ́ orúkọ bàbá rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, tó fi fóònù so tẹ̀gbọ́n-tàbúrò pọ̀.

Àbúrò kò gbà. Ó ní ohùn arúgbó gbogbo jọra.

"Ó ní bó bá jẹ́ èmi ni, kí n fi ojú mi ránṣẹ́," ni màmá wí fún mi. Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀. "Ilà yìí, o rí i? Ìkẹta wọ́, ó dà bí ìwọ̀. Wọ́n ní mo mi orí lábẹ́ abẹ olóòlà. Kò sẹ́ni tó nírú ẹ̀ nílùú wa. Òun ló máa fi mọ̀ mí."

"Ó ti yé mi, màmá."

"Kò tíì yé ọ. Ojú rẹ̀ ń kú lọ. Dókítà ti ní ohun tó bá fẹ́ rí láyé, kó tètè rí i. Kò lè rí nǹkan kan nínú fóònù mọ́. Bébà ńlá ló fẹ́, tí yóò gbé sún mọ́ ojú lẹ́nu fèrèsé. Ọlọ́jà ń lọ lọ́la. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, yà mí kí ilà yìí hàn."

Mo ń yí lẹ́ńsì mi lọ́wọ́ nígbà tó ń sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ o, mi ò lè parọ́ pé mi ò gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀, màmá. Bí mo ṣe máa yà yín yìí, ẹ máa dà bí ọmọge." Ta ló bi mí léèrè ọmọge?

Mo gbé e jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti wé gèlè, ó ti fi yẹtí wúrà tí ọkọ rẹ̀ rà fún un sétí. Kámẹ́rà mi máa ń tan pupa sí etí ohunkóhun tó bá mọ́ kedere, kí ẹni tó ń fọwọ́ yí lẹ́ńsì lè mọ ibi tó dé. Mo yí i, pupa tàn, inú mi dùn, mo yà á. Bọ́tìnnì kan wà tí èèyàn lè tẹ̀ kó fi sọ ojú di ńlá nínú sikirínì, kó fi rí i dájú. Mi ò tẹ̀ ẹ́. Ògbóǹtarìgì ni mí, àbí?

Mo délé, mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà. Yẹtí ni pupa tàn sí. Yẹtí náà mọ́ débi pé èèyàn lè ka òǹtẹ̀ wúrà ara rẹ̀. Ojú màmá ńkọ́? Ó ń tàn, ó rẹwà, ó sì jọ̀lọ̀ bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tutù. Kò sí ilà kankan níbẹ̀, èyí tó wọ́ àti èyí tó tọ́.

Ọ̀sán ni o. Trotro láti ilé mi dé tirẹ̀ kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Lẹ́ńsì tuntun wà nínú dúrọ́ọ̀. Ká ní fóònù lásán ni mo gbé padà lọ, ilà náà ì bá hàn. Kí ni mo ṣe? Mo gbé fọ́tò náà sórí ìkànnì. Kí n tó fọ ẹnu tán lẹ́yìn oúnjẹ, ìyìn ti kún ibẹ̀. Mo ní ẹ ò rí i, ó dára bẹ́ẹ̀. Mo lọ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ńlá.

Màmá gbé bébà náà jìnnà sójú, ó tún fà á mọ́ra. "Èmi rèé? Ilà mi dà?"

"Lẹ́ńsì ayé àtijọ́ ni, màmá. Bó ṣe máa ń yà nìyẹn. Ẹwà rẹ̀ nìyẹn."

Ó wò mí díẹ̀. "Ó dáa, ìwọ lo mọ iṣẹ́ rẹ." Ó ká a, ó fi ránṣẹ́. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọlọ́jà pè láti ilé. Ó gbé fóònù fún àbúrò, ohùn obìnrin náà sì jáde ketekete. "Mo ti wo bébà yín títí ojú fi ń ro mí. Ẹni inú ẹ̀ kò ní ilà. Ẹ̀gbọ́n mi ti kú. Ẹ jẹ́ kó sinmi, ẹ má pè mí mọ́." Ó pa á.

Màmá ò sunkún. Ó na ọwọ́ sí dígí ara ògiri, ó gbé e wá sójú, ó ń tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Àbí ilà mi ti parẹ́ ni? Ojú tèmi náà ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Wò mí dáadáa."

Mo wò ó. Ilà náà wà níbẹ̀ gbọnrangandan, ó jìn, ó wọ́ bí ìwọ̀. Mo la ẹnu mi yìí, mo ní, "Ọjọ́ ogbó ni, màmá. Awọ ti ń tú, ó ti ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀."

Háà! Irọ́ àkọ́kọ́, mo lè ní ìgbéraga ló fà á. Èyí ńkọ́? Mo sọ fún arúgbó pé ojú rẹ̀ ló jẹ̀bi, kí èmi má baà jẹ̀bi. Mo jáde, mo wọ trotro, mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń sá fún Kotobabi.

Ọlọ́jà tún ń lọ, màmá ránṣẹ́ pè mí. Ọlọ́jà ti bẹ àwọn ará ilé àbúrò màmá, wọ́n ní kó mú fọ́tò mìíràn wá lẹ́ẹ̀kan sí i, kò gbọdọ̀ kọjá ẹ̀ẹ̀kan. Lẹ́ńsì tuntun ni mo gbé lọ. Kámẹ́rà wá ẹyinjú rẹ̀ rí fúnra rẹ̀, gbogbo rẹ̀ mọ́ kedere, mo sì rí i pé nǹkan dúdú kan wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Tìróò ni. Ó ti fi tìróò ya ilà sójú ara rẹ̀. Tìróò náà kọjá ẹ̀gbẹ́ ilà gidi, ó kọ orí sí ibòmíràn.

"Mo tún un yà," ó ní. "Ìwọ náà ṣáà ní ó ti parẹ́. Mi ò fẹ́ kó tún ní kì í ṣe èmi."

Mo gbé kámẹ́rà sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì. Mo ní, "Kò parẹ́, màmá. Kò fìgbà kan parẹ́. Èmi ni mi ò yà á dáadáa. Mo sì mọ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́."

"O mọ̀?" ni màmá bi mí.

"Mo mọ̀, màmá."

"Nítorí kí ni?"

"Àwọn èèyàn ń yìn ín."

Kò bú mi. Ì bá bú mi. Ó ní, "Dìde. Bu omi wá, kí o nu ojú mi." Mo fi aṣọ tútù nù ún. Tìróò náà wọ inú ilà, ó ṣòroó nù, àfi bí mo ṣe fi ìka tọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Màmá di ojú rẹ̀ títí mo fi ṣe tán, ó sì yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì sí kámẹ́rà. Fọ́tò náà mọ́ kedere. Kò ní èéfín, kò ní ìtànṣán, mi ò sì gbé e sórí ìkànnì kankan.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n pè. Mo wà níbẹ̀, nítorí màmá ní kí n wá. Ọmọ àbúrò rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní fọ́tò ti dé, òun rí ilà náà, ìkẹta wọ́ bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìyá òun kò ríran mọ́ láti bí oṣù kan. Ó ní wọ́n gbé bébà lé ìyá òun lọ́wọ́, ó sì ń fi ìka wá ilà náà kiri ojú bébà, ó ń sọ pé bébà ń yọ̀ ni, òun ò bá nǹkan kan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní bí ọmọ òun bá ti rí i, òun gbà.

Wọ́n gbé fóònù fún un. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ń pe ara wọn lórúkọ, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mo sì fẹ́ rọra jáde. Màmá di apá mi mú, ó na fóònù sí mi. "Bá a sọ̀rọ̀."

"Ṣé ìwọ lo ya èyí?" ni ohùn náà bi mí. "Wọ́n ní ó dára púpọ̀. O ṣeun, ọmọ mi. Ta ló ya ti àkọ́kọ́?"

Mo wo màmá. Kò wò mí. Ó jọ̀wọ́ apá mi.

"Èmi náà ni, mà," mo dáhùn.

Mo gbọ́ bí bébà ṣe ń dún lọ́wọ́ obìnrin náà.

"Mo ṣì ń ríran nígbà yẹn," ló wí.