Ẹ̀jẹ́ Tí Ìyá Àtẹ̀gùn Jẹ́

Ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́rin kan tí àwọn lọ́yà àti akọ̀wé kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, bí o bá dárúkọ obìnrin tó ń tún ibẹ̀ ṣe, wọn á kọ́kọ́ wo ara wọn lójú ná. Ìyá Àtẹ̀gùn ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ọdún kẹrìndínlógún rèé tó ti ń fọ àtẹ̀gùn ibẹ̀. Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni wọ́n, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ ló sì máa ń fọ̀ wọ́n. Ẹni tuntun tó bá dé ibi iṣẹ́ náà, ìsàlẹ̀ ló máa ti bẹ̀rẹ̀. Á fọ̀ ọ́ dókè pátápátá, á wá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú korobá lọ́wọ́, kò ní mọ ibi tí yóò gbà sọ̀ kalẹ̀ láìtẹ ibi tó ti fọ̀.

"Òkè ni kó o ti máa bẹ̀rẹ̀, ọmọ mi," ni Ìyá Àtẹ̀gùn máa ń wí fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, á sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n òun náà ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan láti ìsàlẹ̀ rí, nǹkan náà sì há a sókè fún ọdún mẹ́sàn-án.

Báyìí ló ṣe rí. Oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ bà jẹ́ ní oṣù kẹrin. Ó fọ àtẹ̀gùn láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyẹn náà sì tó fún ẹlẹ́nu láti fi ṣe ọ̀rọ̀ sọ. "Àtẹ̀gùn ló gba ọmọ yẹn," ni wọ́n ń wí. Òun náà gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní: "Olúwa, bí O bá tún ṣàánú mi, ẹsẹ̀ mi ò ní tẹ àtẹ̀gùn títí n ó fi gbọ́ ẹkún ọmọ." Kò sẹ́ni tó ní kó jẹ́ ẹ̀jẹ́ náà. Ọkọ rẹ̀ pàápàá kò gbọ́.

Olúwa ṣàánú. Nígbà tí oyún tuntun dúró, ìyá ọkọ rẹ̀ palẹ̀ ẹrù mọ́, ó kó wá sọ́dọ̀ wọn.

"Jókòó," ni ìyá náà wí. "Bí o bá fẹ́ ìka ọwọ́ ara rẹ gan-an, pè mí, n ó bá ọ gbé e wá."

Ó jókòó lóòótọ́. Níbi iṣẹ́, wọ́n fi í sí yàrá ìsàlẹ̀, kó máa ká aṣọ ìnulẹ̀. Nílé, àga ni. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ó ti sanra sí i ju bó ṣe yẹ lọ, agbẹ̀bí sì rí i pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń gòkè. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni agbẹ̀bí náà, kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

"Kí lo máa ń ṣe láti àárọ̀?"

"Mo máa ń jókòó, mà."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

Ìyá ọkọ fi ìyangàn gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. "Ó máa ń sùn."

Agbẹ̀bí fi pẹ́ńnì lélẹ̀. "Màmá, ṣé adìyẹ ni, tí ẹ fi ní kó sàba? Oyún kì í ṣe àìsàn. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí ohun tó ní kó má rìn. Kó máa rìn, kó máa gun àtẹ̀gùn ní ìwọ̀nba, bó bá ṣáà ti lè máa sọ̀rọ̀ láìmí hẹlẹ. Bí òòyì bá kọ́ ọ, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, kó dúró, kó wá rí mi. Ìyá tó ń rìn ń ṣe ọmọ inú rẹ̀ lóore. Àwọn tó ń ṣèwádìí sọ pé ó jọ pé ọkàn irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń lágbára, kì í sì í sábà sanra jù bó bá ń dàgbà."

"Èyí tó lọ yẹn ńkọ́?" Aláboyún náà ló béèrè bẹ́ẹ̀.

"Kì í ṣe àtẹ̀gùn. Ọ̀pọ̀ oyún máa ń bà jẹ́ láìjẹ́ pé ìyá ṣe nǹkan kan. Má fi ìyẹn gún ara rẹ lọ́bẹ mọ́."

Ó délé, ó gbàdúrà fún ọjọ́ mẹ́ta, pé kí Olúwa sọ fún òun bóyá kí òun mú ẹ̀jẹ́ ṣẹ ni àbí kí òun gbọ́ ti agbẹ̀bí. Ọ̀run dákẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin, ó fi ẹsẹ̀ tẹ àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ níbi iṣẹ́.

Ìyá ọkọ tẹ̀ lé e débẹ̀. Orúnkún kò jẹ́ kí ìyá náà lè gòkè, ó bá jókòó sí ìsàlẹ̀, ó ń pariwo:

"Ìyàwó mi, sọ̀rọ̀!"

"Mo wà ńbí, mà!"

"Ìyẹn ò tó! Sọ èyí tó gùn, kí n gbọ́ bí o ṣe ń mí!"

Níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké Sáàmù sókè nìyẹn. Ẹsẹ kan, àtẹ̀gùn kan. Àwọn lọ́yà á ṣílẹ̀kùn ọ́fíìsì láti gbọ́, wọn á ṣe "Àmín" lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, ṣúgà rọlẹ̀, ẹsẹ̀ tó wú sì lọ sílẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ pé, ó bí ọmọbìnrin kan tí ẹkún rẹ̀ gba gbogbo wọ́ọ̀dù kan. Kí ọmọ náà tó pé ọdún méjì, wọ́n ti ń pè é ní Ẹsẹ̀-ò-gbélé.

Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bí ìyá rẹ̀ bá ń dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Bí ọmọ bá wúkọ́ pẹ́rẹ́n, á ní, "Ẹ̀jẹ́ tí mo bà jẹ́ ló dé yìí."

Ní ọdún kẹsàn-án, wọ́n yẹ àwọn ọmọ wò ní iléèwé. Nọ́ọ̀sì fi ìwé ránṣẹ́ sílé: ọkàn ọmọ yín ń lù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ mú un lọ rí dókítà. Ìyá Àtẹ̀gùn ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta, kò lè jẹun.

Dókítà gbọ́ àyà ọmọ, ó fi ẹ̀rọ ya bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù sórí bébà. "Ṣé ó máa ń dákú?"

"Dákú kẹ̀? Sà, kí n tó pè é tán, ó ti dé òpópónà kejì."

Dókítà ní kí ọmọ sáré gun àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn náà lọ, kó sáré bọ̀. Ó tún gbọ́ àyà rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

"Mà, kò sí àìsàn níbí. Ọkàn tó lágbára ni. Bó bá lù lẹ́ẹ̀kan, ó ti ṣe iṣẹ́ èèyàn méjì."

"Dókítà, mo gun àtẹ̀gùn nígbà tí mo lóyún rẹ̀. Ṣé ìyẹn ni?"

"Ó lè lọ́wọ́ ńbẹ̀. Ìwádìí ń tọ́ka síbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè búra. Eré tó ń sá wà ńbẹ̀, ara tó bá wáyé wà ńbẹ̀. Èyí tí mo lè sọ ni pé ẹ ṣe ohun tó dáa."

Omi dà lójú obìnrin náà. Ẹsẹ̀-ò-gbélé wò ó títí. "Ó ní mo lágbára, Màámi, ẹ tún ń sunkún!"

Nígbà tí wọ́n délé, ó jẹ́wọ́ ẹ̀jẹ́ náà fún ìyá ọkọ rẹ̀.

"Èmi náà jẹ́ tèmi," ni ìyá náà wí. "Mo ní n kò ní fi iyọ̀ kan ẹnu títí wàá fi bímọ. Ọjọ́ kẹta ni mo jẹ ẹ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ ọmọ yẹn bí ẹni ń ṣọ́ omi tó fẹ́ hó."

"Ọdún mẹ́sàn-án, Màmá?"

"Ìwọ náà, ọdún mẹ́sàn-án? Ẹ gbà mí o!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ìyá fi gbàgbé orúnkún, ó dìde láìfi ọwọ́ ti ògiri.

Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Àtẹ̀gùn gbé korobá lọ sókè pátápátá. Kò mọ̀ bóyá Olúwa tú òun sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ́ náà ni, àbí kò tilẹ̀ gbà á lọ́wọ́ òun rí. Kò gbọ́ ohùn kankan, gẹ́gẹ́ bí kò ti gbọ́ nígbà náà. Síbẹ̀ ó dúpẹ́, àtẹ̀gùn kan, ọpẹ́ kan, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkàn rẹ̀ wà nínú ọpẹ́ náà.

Ó ku díẹ̀ kó fọ̀ dé ìsàlẹ̀ nígbà tí ọmọ ti iléèwé dé, tó dúró sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú bàtà eléruku.

"Màámi, ó ṣì tutù. Ṣé kí n dúró?"

Ó wo gbogbo ibi tó ti fọ̀ mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

"Máa sáré gòkè, jàre. N ó tún un nù."