Ọjọ́ Tí Mo Dọ̀bálẹ̀ Láàárín Àwọn Dókítà Ẹ̀yìn

Nínú gbogbo ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Niamey, èmi nìkan ni dókítà mẹ́rin láti ìlú mẹ́rin yẹ orí ẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn ò bá nǹkan kan níbẹ̀. Àwọn tíṣà mi ti sọ bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Òórùn òrí ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nílé wa ní àdúgbò Lazaret, Màmá máa ń yọ́ òrí àti káfúrà láràárọ̀, wọ́n á fi pa ẹsẹ̀ Bàbá, ẹsẹ̀ tí ò mọ̀ bóyá ọwọ́ ẹnikẹ́ni wà lára òun. Ọdún méjì ṣáájú ni Bàbá já bọ́ látorí ẹrù aṣọ tí wọ́n ń tò sórí ọkọ̀ ní ọjà Katako. Látìgbà náà, orí àga oníkẹ̀kẹ́ ni wọ́n wà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, èmi ni mo sì gbọ́ Faransé jù nínú ilé, ìyẹn ni pé mo lè ka ara agolo mílíìkì láìkọsẹ̀.

Ẹ̀bi mi ni gbogbo ẹ̀. Rédíò ló sọ pé àwọn dókítà ń bọ̀ láti òkèèrè wá sí yunifásítì tó wà lódìkejì odò, lápá Lamordé, nítorí ọpọlọ àti okùn inú eegun ẹ̀yìn tó bá fara pa. Mo sáré wọlé. "Màmá, wọ́n ń bọ̀ wá tọ́jú àwọn tí ẹ̀yìn wọn bàjẹ́!" Ta ló dárúkọ ìtọ́jú? Èmi ni. Rédíò ní wọ́n fẹ́ jókòó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ ni. Màmá wọ aṣọ tuntun fún Bàbá, wọ́n mú fọ́tò eegun ẹ̀yìn tí ọsibítù yà, wọ́n gbé ẹní àti kúlà oúnjẹ, bí ẹni tó ń lọ gba bẹ́ẹ̀dì. Nínú mọ́tò, Màmá ò jẹ́ kí etí mi sinmi: "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, Ràṣídì. Tó o bá rí àgbà níbẹ̀, kí wọn dáadáa. Ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá ń gbé."

Torí àga Bàbá, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ò tiẹ̀ bi wá ní nǹkan kan. Inú gbọ̀ngàn ṣókùnkùn, àwòrán eku ńlá kan wà lára ògiri, dókítà kan ń fi Faransé ṣàlàyé ẹ̀.

"Kí ni wọ́n ń sọ?" Màmá bi mí.

"Eku ni, Màmá. Eku tí ẹ̀yìn ẹ̀ kán."

"Ta ló kán an?"

"Àwọn náà ni."

"Àwọn náà ló tún ń wò ó sàn?"

"Wọ́n ń gbìyànjú ẹ̀ ni."

Màmá wo Bàbá. Bàbá ń wo eku.

Nígbà tí gbogbo wọn jáde wá mu tíì, bàbá arúgbó kan tí irun ẹ̀ funfun bí òwú kọjú sọ́dọ̀ wa. Mo rántí ẹ̀kọ́ ilé. Mo ju ara mi sílẹ̀ gbàà, mo dọ̀bálẹ̀, àyà kanlẹ̀, imú kanlẹ̀. Ife fọ́. "Ẹ má gbé e! Ẹ di ọrùn ẹ̀ mú!" Dókítà mẹ́rin ti kúnlẹ̀ yí mi ká. Ọ̀kan di orí mi mú, ọ̀kan tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú, ọ̀kan ń já mi léèékánná lọ́mọ ìka ẹsẹ̀: "Ọmọ, ṣé ò ń mọ̀ ọ́n lára níbí?" Gbogbo Faransé mi sá lọ. Mo rò pé ìtọ́jú ló ti bẹ̀rẹ̀, pé bóyá ọ̀dọ̀ ọmọ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Màmá ń pariwo lẹ́yìn wọn lédè Yorùbá, "Òun kọ́! Bàbá ẹ̀ ni! Ẹ̀yin èèyàn yìí, bàbá ẹ̀ nìyí!" Mo já ara mi gbà, mo dìde. Ẹ̀rù bà mí, mo tún dọ̀bálẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó yé wọn pé ìkíni ni.

Dókítà obìnrin kan rẹ́rìn-ín títí, ó wá lóṣòó síwájú Bàbá. Ó gbé fọ́tò eegun yẹn sójú fèrèsé, ó wò ó pẹ́.

"Bi wọ́n pé ṣé màá tún rìn," Bàbá sọ fún mi.

Mo bi í. Ó ní rárá. Ó ní kò tíì sí oògùn ẹ̀ láyé yìí, ara eku ni wọ́n ṣì wà, òun ò sì ní tan Bàbá jẹ. Ní gbogbo ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó yé mi délẹ̀ nìyẹn. Bàbá ń wo ẹnu mi.

Mo ní, "Wọ́n ní ó kù díẹ̀, Bàbá. Wọ́n ní kí ẹ ní sùúrù."

"Alhamdulilahi!" Màmá kúnlẹ̀, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Ó wo Màmá, ó wò mí. Kò yé e ìdí tí èèyàn fi ń dúpẹ́ lórí "rárá".

Mo ti pé ọdún mẹ́tàlélógún báyìí. Mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, tàbí ká ní ilé-ìwé ló fi mí sílẹ̀, a ò tíì yanjú ẹ̀. Gbogbo Ramadan ni Màmá ń gbàdúrà lórí "díẹ̀ tó kù" yẹn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá yẹn láyà jù mí lọ. Ó purọ́ fún bàbá ẹ̀ lójúkojú láìṣẹ́jú. Èmi, ọdún méjìlá gbáko ni mo fi ń wá ẹnu tí màá fi tún un ṣe.

Jímọ̀ tó kọjá, mo jókòó ti Bàbá lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Bàbá, ohun tí dókítà obìnrin yẹn sọ kọ́ ni mo sọ fún yín."

"Mo mọ̀," Bàbá ní. "Bu omi àlùwàlá wá."