Olè ní kí màmá mi kúnlẹ̀

Olè ní kí màmá mi kúnlẹ̀ láàárọ̀ yìí, nínú ilé wa ní Akobo.

Orí WhatsApp ló ti pè wọ́n. Fọ́tò wòlíì ìjọ wa ló lò, orúkọ wọn náà ló fi síbẹ̀. Nọ́ńbà nìkan ló yàtọ̀.

"Màmá, mo ríran sí yín. Ẹ kúnlẹ̀ kí n gbàdúrà. Tí mo bá ṣe tán, ẹ ka nọ́ńbà tó bá wọlé sórí fóònù yín fún mi."

Mo nawọ́ kí n gba fóònù. Màmá gbá ọwọ́ mi kúrò. Wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ.

"Mo ti kúnlẹ̀ o, Bàbá."

"Mo ń rí yín nínú ẹ̀mí lórí ìkúnlẹ̀ yín, Màmá."

"Irọ́ lo ń pa. Orí àga ni mo wà."

Kíá ló pa fóònù.

Mo ní, "Màmá, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Láti ìgbà tí orúnkún ti ń yọ mí lẹ́nu, wòlíì wa kì í jẹ́ kí n kúnlẹ̀. Fúnra wọn ni wọ́n máa ń fa àga fún mi."

Ìyá kan nínú ìjọ wa, ní Baṣọ̀run, gba irú ìpè yìí lánàá. Wọ́n kúnlẹ̀. Wọ́n ṣe àmín. Wọ́n ka nọ́ńbà àṣírí tí WhatsApp fi ránṣẹ́ sí wọn. WhatsApp wọn ti bọ́ sọ́wọ́ olè báyìí, orúkọ wọn ló sì fi ń pe àwọn yòókù.

Ẹ sọ òótọ́ fún mi: tó bá jẹ́ ìyá tiyín ni olè yìí pè, ṣé wọn ò ní kúnlẹ̀?