Owó Oṣù Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Fọwọ́ Kàn

Ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi kí n tó gba owó oṣù mi àkọ́kọ́. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jẹ nínú ẹ̀ kí n tó gbàdúrà sí i. Ìwọ gan-an ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án." Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé, nílẹ̀ Yorùbá, nìyẹn: ìyá á gbàdúrà, á dá owó padà, ọmọ á máa ná an lọ. Mo sì ti mọ bí n ó ṣe ná tèmi. Télọ̀ kan ti ń rán ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ fún mi de ọdún, irú èyí tí gbogbo ọ̀dọ́ Banjul fi ń gbálẹ̀ nígbà náà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sanwó, mo fọwọ́ síwèé bí ọ̀gá àgbà, n kò ka ohun tó wà níbẹ̀. N kò já àpò ìwé tí wọ́n fi owó sí. Kàkà kí n yọ dálásì kan níbẹ̀, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láti ọ́fíìsì dé ilé wa ní Old Jeshwang, nínú bàtà tuntun tó ń fún mi. Ọkọ̀ gele-gele ń kọjá, wọ́n ń pe èrò, mo ń mirí. Mo rí obìnrin tó ń ta wonjo tútù tó dà bíi sobo, mo gbé itọ́ mì. Orí ara mi ń wú mi, àfi bíi pé Mẹ́kà ni mo ń lọ.

Ìyá mi, tó ń ta àwo tánńganran ní Serrekunda, ka owó náà, ó tún un kà. Iye tí mo ti fi yangàn fún gbogbo ìsọ̀ kọ́ nìyí.

"Ta lo fún nínú ẹ̀? Obìnrin ni?"

Mo búra títí. Ojú olè ló fi wò mí, ìyẹn sì dùn mí ju bàtà lọ.

Bàbá onílé wa, ọmọ ẹ̀yà Akú tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì àdàmọ̀dì, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, bú sẹ́rìn-ín ní fàráńdà. "Na taks, Mama. Govment don pul im yon."

"Owó orí? Ìjọba ti yọ tiẹ̀ kó tó dọ́wọ́ ẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," mo dáhùn. Odidi akọ̀wé, ẹnu onílé ni mo ti gbọ́ ohun tí mo fọwọ́ sí.

Ìyá mi gbàdúrà, àdúrà gígùn tó dáa. Mo ń ṣe àmín kíkankíkan, mo ti tẹ́wọ́. Ó ká owó náà, ó so ó mọ́ etí ìró.

"Ìjọba tí kò lóyún ẹ ti mú tiẹ̀," ó ní. "Èmi náà ti mú tèmi."

Ó wá tú etí ìró náà díẹ̀, ó yọ owó ọkọ̀ fún mi. "Máa wọ mọ́tò lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Wo bí ẹsẹ̀ ẹ ṣe wú."

Télọ̀ ló wọ ṣòkòtò mi lọ sí Yídì.